Orin Tí Ó Re Àjò: Samuel Coleridge-Taylor àti Orin Yorùbá Tí Wọ́n Ń Pè Ní "Oloba"

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ènìyàn ni a sábà máa ń pa òwe yìí mọ́, ṣùgbọ́n orin pẹ̀lú a máa re àjò. Ní ọdún 1905, ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé-orin Oliver Ditson ní ìlú Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde fún àwọn tí ń tẹ pianó. Twenty-Four Negro Melodies ni wọ́n pè é. Gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, orin 24 ni ó wà nínú rẹ̀, ti ènìyàn dúdú sì ni gbogbo wọn. Mẹ́rìndínlógún wá láti ẹnu àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a kó àwọn baba wọn lẹ́rú. Mẹ́fà wá láti ìhà gúúsù àti gúúsù-ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀kan wá láti erékùṣù West Indies. Ẹyọ kan ṣoṣo tí ó kù ni ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Orin Yorùbá ni. "Oloba" ni wọ́n kọ sí orí rẹ̀.

Orin yìí ti lo ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lórí àjò. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rí ti tẹ̀ ẹ́ lórí pianó ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ sí ilé-ìwé kan ní Kétu tàbí ní Ìkòsí lónìí, tí a sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè nípa rẹ̀, ó ṣòro kí a tó rí ẹni tí yóò sọ pé òun ti gbọ́ ọ rí. Kí ni orin náà mú dání nígbà tí ó ń lọ? Kí ni ó fi sílẹ̀ sílé? Báwo ni a ṣe lè mú irú orin bẹ́ẹ̀ padà wálé? Àwọn olórin nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó kan olùkọ́ èdè gan-an, nítorí pé ní ilẹ̀ Yorùbá, ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí èdè parí sí kò jìnnà sí ara wọn.

Ta ni ó tún orin náà tò?

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a bí Samuel Coleridge-Taylor sí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ọdún 1875. Daniel Peter Hughes Taylor, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọmọ Sàró tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Ìlú Ọba. Gẹ̀ẹ́sì ni Alice Martin, ìyá rẹ̀. Bàbá ti padà sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí ọmọ tó lajú mọ̀ ọ́n, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá àti àwọn ẹbí ìyá ní Croydon ni ọmọ náà dàgbà sí. Fayolín ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ta. Ní ọdún 1890, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin Royal College of Music, níbi tí Charles Villiers Stanford ti kọ́ ọ ní ìṣẹ̀dá orin. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ kan, Hiawatha's Wedding Feast, jáde ní ọdún 1898 tí òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà.

Ọkùnrin yìí kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí títí ó fi kú ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 1912, ní ọmọ ọdún 37. Síbẹ̀, kò gbàgbé pé ilé bàbá òun ń bẹ. Nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú láti oríṣiríṣi ilẹ̀ pé jọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún Àpérò Pan-African àkọ́kọ́ ní oṣù keje, ọdún 1900, ó wà níbẹ̀, òun ni ó sì bójú tó ètò orin wọn. Ó ti gbọ́ orin àwọn ọmọ ẹrú láti ẹnu ẹgbẹ́ akọrin Fisk Jubilee Singers tí Frederick Loudin ń darí, orin náà sì wọ̀ ọ́ lára. Ní ọdún 1904, ó lọ sí Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí ìpè ẹgbẹ́ akọrin àwọn ènìyàn dúdú kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ara wọn ní ìlú Washington. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ìwé orin 24 náà jáde. Booker T. Washington, olùkọ́ àgbà tí ó jẹ́ aṣíwájú láàárín àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà ní àkókò náà, ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú fún un.

Nínú ọ̀rọ̀ tí Coleridge-Taylor fúnra rẹ̀ kọ sí iwájú ìwé náà, ó sọ èrò ọkàn rẹ̀ láìfi bò. Ó ní ohun tí Brahms ṣe fún orin ìbílẹ̀ Họ́ngárì, tí Dvořák ṣe fún ti Bohemia, tí Grieg sì ṣe fún ti Norway, ni òun gbìyànjú láti ṣe fún orin àwọn ènìyàn dúdú. Kí a tó mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti tóbi tó, kí a rántí ìgbà tí a sọ ọ́. Ogún ọdún péré ni ó ti kọjá lẹ́yìn àpérò Berlin tí àwọn òyìnbó ti fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa pín Áfíríkà láàárín ara wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ni ó gbà pé ariwo lásán ni orin wa. Láàárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Sàró yìí gbé orin Yorùbá àti orin gúúsù Áfíríkà kalẹ̀ lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú orin Norway àti ti Họ́ngárì. Ẹni tí yóò bá bá iṣẹ́ rẹ̀ wí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yìn ín fún èyí.

Ta ni ó fi orin náà lé e lọ́wọ́?

Orin kì í dá rin. Ẹnìkan ni ó gbé "Oloba" dé ọ̀dọ̀ Coleridge-Taylor, ó sì dára pé olùṣẹ̀dá orin náà kò fi orúkọ ẹni náà pamọ́: obìnrin Èkó kan ni, Ìyáàfin Victoria Randle. Ìtàn ìdílé obìnrin yìí yẹ ní mímọ̀, nítorí pé ó jẹ́ kí a mọ ohun tí ó wà nídìí kí Yorùbá kan máa kọ orin ìbílẹ̀ rẹ̀ létí òyìnbó.

Ìyá Victoria ni Sarah Forbes Bonetta. Ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni ìyá náà. Òkè-Ọ̀dàn ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ti mú un ní ọdún 1848, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ogun náà pa àwọn òbí rẹ̀. Ní ọdún 1850, Ọba Gezo ti Dàhòmì fi ọmọbìnrin náà ta ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan lọ́rẹ, Frederick Forbes, ẹni tí ó mú un lọ sí Ìlú Ọba. Láti inú orúkọ ọ̀gá náà àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀, Bonetta, ni wọ́n ti fún ọmọ náà ní orúkọ tuntun. Ọbabìnrin Victoria gbà láti máa ṣe alágbàtọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, ọdún 1862, ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò pàtàkì tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tí ó ti Sàró bọ̀, ní ìlú Brighton. Nígbà tí wọ́n bí ọmọbìnrin àkọ́kọ́ ní ọdún 1863, orúkọ Ọbabìnrin ni wọ́n sọ ọ́, Ọbabìnrin sì di ìyá ìsàmì fún un. Ọmọ náà ni Victoria. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ Cheltenham Ladies' College, ó sì fẹ́ Dókítà John Randle ní ọdún 1890.

Kí a wo ìran obìnrin méjì yìí dáadáa. Wọ́n já ìyá gbà kúrò lẹ́nu èdè rẹ̀ kí ó tó gbọ́n tán. Wọ́n pàrọ̀ orúkọ rẹ̀, wọ́n pàrọ̀ ẹ̀sìn rẹ̀, wọ́n sì fi èdè mìíràn rọ́pò tirẹ̀. Ọmọ ni a wá bá ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jẹ́ ọmọ ìsàmì Ọbabìnrin, tí ó mọ ìwà àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé góńgó, tí orin Yorùbá sì wà lẹ́nu rẹ̀ láti fi fún olùṣẹ̀dá orin. Ohun tí ogun gbà lọ́wọ́ ìyá, Èkó dá díẹ̀ padà nínú rẹ̀ fún ọmọ. Èkó ìgbà náà, láti nǹkan bí ọdún 1880 sókè, jẹ́ ìlú tí àwọn ọ̀làjú inú rẹ̀ ti ń bi ara wọn léèrè ẹni tí wọ́n jẹ́. Àwọn kan ń bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀; ní ọdún 1894 ni David Brown Vincent di Mojọlá Agbébí. Àwọn kan ń padà sí aṣọ ìbílẹ̀, àwọn kan sì ń bèèrè pé kí orin ìbílẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Inú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni "Oloba" ti gbéra.

Bí a ṣe ń tún orin ìbílẹ̀ tò

Kì í ṣe orí orin Yorùbá ni irú iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù. Nígbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún ń parí lọ, ọkùnrin kan wà ní Edinburgh ní ilẹ̀ Skọ́tlándì tí ó ń jẹ́ George Thomson. Ó kó ohùn orin ìbílẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ jọ, ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá nínú ìṣẹ̀dá orin ní ìlú Vienna, kí wọ́n lè bá a fi pianó, fayolín àti ohun èlò mìíràn sí wọn lábẹ́. Haydn ṣe púpọ̀ nínú wọn. Beethoven náà ṣe ọ̀pọ̀. Ìwé orin Skọ́tlándì 25 tí ó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ nọ́ńbà 108 jáde ní Edinburgh ní ọdún 1818. Beethoven kò dé Skọ́tlándì rí. Ohùn orin lásán ni ó sì sábà ń dé ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kì í bá a wá. Léraléra ni ó kọ̀wé sí Thomson pé kí ó fi ọ̀rọ̀ àwọn orin náà ránṣẹ́, nítorí pé olùṣẹ̀dá orin kò lè mọ bí òun yóò ṣe tọ́jú orin tí kò mọ ohun tí ó ń sọ. Bí Beethoven, tí èdè rẹ̀ kì í ṣe olóhùn, bá lè bèèrè èyí, mélòó-mélòó ni ó yẹ kí a bèèrè rẹ̀ nípa orin Yorùbá?

Ìlànà tí Coleridge-Taylor tẹ̀lé rọrùn láti ṣàlàyé. Ó tẹ ohùn orin gan-an, bí ó ti gbà á, sí orí ojú-ìwé, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí àgbà bá fi òwe ṣíde ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni orin pianó fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Yóò gbé ohùn náà kalẹ̀, yóò wá máa yí i padà: yóò gbé e láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, yóò fún un ní aṣọ ìbànújẹ́, yóò tún fún un ní aṣọ ayọ̀, yóò gé e sí wẹ́wẹ́, yóò sì tún un so pọ̀. Bí a ṣe ń fi ọpọ́n ayò kan náà ta oríṣiríṣi ọ̀nà ni ó ń ṣe. Ọgbọ́n àtijọ́ ni èyí nínú orin Yúróòpù, Coleridge-Taylor sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó tilẹ̀ fi etí sílẹ̀ dé ibi pé ó ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ láàárín àwọn orin tí ó kó jọ: ó ní àwọn ti Áfíríkà gan-an le bí orin jagunjagun, wọ́n sì dá dúró gbọin, ṣùgbọ́n àwọn ti Amẹ́ríkà jẹ́ ohùn ẹni tí ó ń sọ ìrora ọkàn ara rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹ́kù sílé

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti di ti olùkọ́ èdè. Nínú orin Norway tàbí ti Họ́ngárì, ohùn orin àti ọ̀rọ̀ orin jẹ́ ìbátan. Bí wọ́n bá ya ara wọn, olúkúlùkù ṣì lè gbé ilé tirẹ̀. Nínú orin Yorùbá, ẹran ara kan náà ni wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọrin nípa ìgbà tí ó dára, tí ó sì gba ohùn orin láyè láti máa rìn bí ó ti wù ú, lè bá ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń kọrin nípa igbá tí a fi ń bu omi, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, tàbí igba ènìyàn. Ìdí nìyí tí onídùndún fi lè sọ̀rọ̀ láìya ẹnu. Bí ó bá yí ohùn gbólóhùn kan dorí kodò bí àwọn oní-pianó ti ń ṣe, kì í ṣe pé ó ṣe gbólóhùn náà lọ́ṣọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó sọ, ó sì lè jẹ́ èébú.

Orúkọ orin náà pàápàá tó láti fi kọ́ kíláàsì kan lẹ́kọ̀ọ́. "Oloba" ni a tẹ̀ sínú ìwé, láìsí àmì lórí rẹ̀, láìsí àmì lábẹ́ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ti kọjá nígbà náà tí àwọn ìjọ C.M.S. ti ṣe àpérò ní Èkó ní ọdún 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, tí wọ́n sì fìdí ẹ, ọ àti ṣ múlẹ̀. Ọ̀nà wà láti kọ ọ́ dáadáa. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ṣe ìṣirò. O méjì àkọ́kọ́ lè jẹ́ o tàbí ọ. Àǹkóò fáwẹ́lì kò ní jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀, nítorí náà ọ̀nà méjì ni. Ohùn wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ orúkọ Yorùbá tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ́lì kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn òkè, nítorí náà sílébù àkọ́kọ́ lè ní ohùn méjì, èkejì lè ní mẹ́ta, ẹ̀kẹta lè ní mẹ́ta. Méjì lọ́nà mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 18. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nítorí o àti ọ, ó di 36. Lẹ́tà márùn-ún péré, ọ̀nà 36 láti pè é!

Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú àwọn 36 yìí kò ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n kí a mú méjì tí ó ní in. Ọlọ́ba ni ẹni tí ó ní ọba, tàbí tí ó jẹ́ ti ọba. Ọlọ́bà ni ẹni tí ó ń sin Ọbà, òrìṣà odò, aya Ṣàngó. Ohùn sílébù tí ó kẹ́yìn nìkan ni ó ya ààfin kúrò lára ojúbọ odò. Ẹni tí ó gbọ́ orin náà lẹ́nu Ìyáàfin Randle gbọ́ ohùn yìí, ó sì mọ ibi tí orin forí lé. Ẹni tí ó rí i nínú ìwé Boston kò rí nǹkan kan tí yóò tọ́ ọ sí ọ̀nà. Ohùn orin gòkè re òkun. Ohùn ọ̀rọ̀ dúró sí èbúté.

Nǹkan mìíràn tún dúró pẹ̀lú rẹ̀. Orin Yorùbá ní olórí tí ń lé e àti ẹgbẹ́ tí ń gbè é. Ó ní àtẹ́wọ́, ó ní ìlù, ó ní ìgbà tí a ń kọ ọ́ àti ìgbà tí èèwọ̀ ni láti kọ ọ́. Ọwọ́ ènìyàn kan lórí pianó kò lè kó gbogbo èyí. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pianó, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ Coleridge-Taylor. Ohun tí a fún un ni ó lò. Ìwé kan náà ni orin "Deep River" wà. Maud Powell fi fayolín gba àtúntò Coleridge-Taylor sórí àwo ní ọdún 1911, àwọn olórin dúdú Amẹ́ríkà bíi H. T. Burleigh sì tún un tò fún ohùn ènìyàn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀, títí ó fi di orin tí gbogbo ayé mọ̀. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti "Oloba"? Àwọn tí wọ́n ni "Deep River" kò dákẹ́ orin náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu wọn, nítorí náà nígbà tí ohùn rẹ̀ ti àjò dé, ó bá ilé tí iná ń jó nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí àwọn olórin Èkó gbà

Láàárín ogójì sí ọgọ́ta ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn dáhùn ìbéèrè tí "Oloba" fi sílẹ̀. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ àwọn orin rẹ̀ sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ní ọdún 17 péré lẹ́yìn ìwé Boston, ohùn akọrin àti ọ̀rọ̀ orin jọ rìn pọ̀ lọ sí Ìlú Ọba, wọ́n sì jọ padà.

Thomas Ekúndayọ̀ Phillips ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí ìwé. Ó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jẹ́ olórí olórin ní Kàtídírà Christ Church ní Marina, Èkó, láti ọdún 1914 títí di ọdún 1962. Ó ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a fi agbára wọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí inú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì: àwọn onígbàgbọ́ ń fi gbogbo ọkàn kọ ohun tí kò ní ìtumọ̀. Nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tí ó jáde ní ọdún 1953, ó fi hàn pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ni ọ̀gá, orin ni ọmọ ẹ̀yìn.

Lábẹ́ Phillips ni Fẹlá Ṣówándé ti kọ́ iṣẹ́. Ṣówándé, tí a bí ní ọdún 1905 gan-an tí "Oloba" jáde, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba oyè gíga jùlọ nínú títẹ dùùrù ńlá ti ṣọ́ọ̀ṣì ní ọdún 1943. Ó ṣe African Suite ní ọdún 1944. Apá tí ó kẹ́yìn nínú rẹ̀, "Akinla," di orin ìṣíde fún ètò rédíò kan ní ilẹ̀ Kánádà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1956 tí ó sì pé nǹkan bí ogójì ọdún kí ó tó parí. Fún òmìnira Nàìjíríà ní ọdún 1960, ó ṣe Folk Symphony. Àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí jùlọ ni àwọn orin dùùrù bíi "Oyigiyigi" àti "Obangiji." Bí a bá wò wọ́n, ohun tí Coleridge-Taylor ṣe ni òun náà ṣe: ó gba ohùn orin Yorùbá, ó yọ ọ̀rọ̀ kúrò, ó sì yí ohùn náà padà lórí dùùrù lọ́nà tí àwọn Yúróòpù ń gbà ṣe é. Báwo wá ni ti Ṣówándé kò ṣe di orin tí ó sọnù?

Ìdáhùn wà lára àwọn tí ń gbọ́ ọ. Nígbà tí dùùrù bá dún ní Marina, ìjọ tí ó jókòó ti mọ ọ̀rọ̀ orin náà láti ilé. Bí dùùrù bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò dìde nínú ọkàn wọn fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dìde nígbà tí onídùndún bá ń lu oríkì. Kò sí ohun tí ó sọnù, nítorí pé olùgbọ́ ni ó gbé ìdajì orin náà dání. Ẹ̀rí ni èyí pé kì í ṣe títún orin tò ni ó ń pa orin. Kí àwọn tí ó ni ín gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó ń pa á. Lẹ́yìn Ṣówándé ni Ayọ̀ Bánkọ́lé (1935–1976) àti Akin Euba (1935–2020) tún gbé e síwájú sí i. Euba ní pàtàkì wá ọ̀nà tí pianó fúnra rẹ̀ yóò fi máa hùwà bí ohun èlò Áfíríkà, tí ọwọ́ yóò fi máa lù ú bí ẹni ń lu ìlù, kí ó má baà jẹ́ pé ohun èlò àlejò ni yóò máa pàṣẹ fún onílé.

Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́

Ohun tí ó mú kí orin Ṣówándé yè kò dá wa lójú mọ́ lónìí. Àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì báyìí kò gbé ìdajì orin náà dání mọ́. Bí a bá yọ ọ̀rọ̀ kúrò lára orin ìbílẹ̀ kan fún wọn, kò sí nǹkan kan tí yóò dìde nínú ọkàn wọn; wọn yóò gbọ́ ọ bí ará Boston ti gbọ́ "Oloba."

Síbẹ̀, orin náà kò tíì jìnnà. Kí a mú agbègbè Kosọ́fẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn tí ń tajà ní ọjà Mile 12 àti àwọn tí ń gbé ní Kétu àti Ìkòsí wá láti ilẹ̀ Yorùbá gbogbo: Àwórì, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́, Èkìtì, Ìlàjẹ. Nínú kíláàsì ọmọ 40 kan, ó ṣeé ṣe kí ìyá àgbà mẹ́wàá wà nílé tí wọ́n mọ orin àlọ́, orin ìbejì, orin ìgbéyàwó àti orin ìrẹ̀mọlẹ́kún ní ẹ̀ka-èdè mẹ́wàá. Ohun tí Coleridge-Taylor nílò láti Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹnì kan ṣoṣo sì rí fún un, wà ní ìgboro fún olùkọ́ tí ó bá bèèrè.

Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kọ́ ọgbọ́n lára àṣìṣe ọdún 1905. Ẹ̀rọ tẹlifóònù lè gba ohùn, ṣùgbọ́n ohùn nìkan kò tó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ pátápátá, ní ẹ̀ka-èdè ẹni tí ó kọ ọ́, láìsọ ọ́ di Yorùbá àjùmọ̀lò. Kí ó sọ ẹni tí ń lé orin náà àti ẹni tí ń gbè é. Kí ó sọ ìgbà tí a ń kọ ọ́ àti ohun tí a ń ṣe bí a ti ń kọ ọ́ lọ. Bí akọrin bá gbà bẹ́ẹ̀, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ sílẹ̀. Coleridge-Taylor ṣe apá kan nínú èyí tí ó dára jùlọ: ó dárúkọ ẹni tí ó fún un ní orin. Ọ̀pọ̀ tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí olórin kan bá fẹ́ tún orin náà tò fún pianó tàbí fún ẹgbẹ́ akọrin ilé-ìwé, kí ó tò ó. Kò sí ewu mọ́.

Ìkádìí

Samuel Coleridge-Taylor ṣe iṣẹ́ ńlá. Ní ọdún tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ pé ènìyàn dúdú kò ní orin, ó na ọwọ́ sí ohun tí ó jẹ́ ti bàbá rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ fún ayé rí. Ọmọ obìnrin tí a mú nígbèkùn ní Òkè-Ọ̀dàn ni ó fi ọ̀kan nínú rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ni ó ṣe é tí ohùn "Oloba" fi wà títí di òní. Ṣùgbọ́n ohùn ni wọ́n lè fi pamọ́. Orin odidi kò sí lọ́wọ́ pianó láti pa mọ́. Ẹnu àwọn tí ń sọ èdè náà nìkan ni ó lè ṣe èyí, ẹnu náà sì ń dín kù lójoojúmọ́ bí àwọn àgbà ti ń lọ. Iṣẹ́ àwọn olùkọ́ ni kí orin tí ó kù má ṣe re àjò láìmú ọ̀rọ̀ rẹ̀ dání.